Ariwo Ìjánu: Ìtàn Kékeré Kan Nípa Dísìkì Ẹ̀yìn Mẹsí Ọlọ́yẹ́

Ní ọdún 1902, ọkùnrin kan ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Lanchester, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba lórí irú bíréèkì tuntun kan. Ó mú àwo irin pẹlẹbẹ kan, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ máa yí, ó wá ṣe ẹ̀mú kan tí yóò máa fún àwo náà lọ́tùn-ún lósì nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tú taya mọ́tò òde òní rí yóò mọ̀ pé dísìkì bíréèkì nìyẹn, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì yí padà títí dòní. Àbá náà dára púpọ̀. Ariwo ló bà á jẹ́. Bàbà ni Lanchester fi bo ẹnu ẹ̀mú rẹ̀, bí bàbà bá sì ti ń ha irin, igbe tó máa ń jáde níbẹ̀ á gba àdúgbò kan. Bàbà náà tún tètè ń jẹ tán lójú ọ̀nà eléruku ayé ìgbà yẹn. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí dísìkì tó padà wọ ọjà.

Mo ń sọ èyí nítorí ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi, àwa àgbààgbà tí a kò tíì ta ọkọ̀ wa àtijọ́: "Prof, kí ló ń han lẹ́yìn mọ́tò yìí ná?" Wọ́n á ti pààrọ̀ páàdì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo ò lọ. Wọ́n á wá gbà pé ọkọ̀ náà ti darúgbó ni, kí wọ́n kúkú gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ariwo dísìkì kì í ṣe àìsàn ọjọ́ ogbó. Ọjọ́ tí wọ́n bí dísìkì ni wọ́n ti bí ariwo mọ́ ọn. Ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe ni pé wọ́n wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti pa á lẹ́nu mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà sì pa ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá wá dàgbà, tí àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi dí ariwo náà lẹ́nu ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, igbe Lanchester náà ni a tún ń gbọ́.

Àwọn mẹkáníìkì wa ò ní pe nǹkan yìí ní ìjánu fún yín o. Bíréèkì ni wọ́n ń pè é, bíréèkì náà ni èmi náà ń pè é bí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìjánu. Ẹnu ẹṣin la ti mú un wá, ó sì ń rán mi létí pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ẹni tó kọ́kọ́ pa ariwo náà lẹ́nu mọ́ kì í ṣe ẹni tó ń ṣe mọ́tò. Herbert Frood ni orúkọ rẹ̀, agbègbè olókè Derbyshire ló ń gbé, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti máa ń ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ṣàkíyèsí àwọn awakọ̀ ẹṣin tí wọ́n ń fi bàtà àlòkù bo igi tí wọ́n fi ń tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró. Awọ bàtà ń di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú ju igi lásán lọ. Frood ronú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1897: ó ń fi aṣọ òwú tí wọ́n ti rẹ sínú oje líle ṣe ohun tí a óò fi bo ẹnu bíréèkì. Orúkọ tó fún iṣẹ́ náà ni Ferodo. Wọ́n ní lẹ́tà orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló tún tò, tó wá fi E ti ìyàwó rẹ̀ Elizabeth kún un. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra páàdì rí ní Àràròmi ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ náà.

Òwú kò lè gba iná tó ń jáde lára bíréèkì mọ́tò. Ní nǹkan bí 1907 sí 1908, Frood yí sí asbestos. Òkúta ni asbestos, ṣùgbọ́n òkúta tó ní fọ́nrán bí òwú ni. Ẹ lè ran án, ẹ lè hun ún, iná kò sì lè jó o. Bí wọ́n ṣe fi bo ẹnu ẹ̀mú Lanchester ni igbe náà rọlẹ̀. Ohun tí bàbà kò lè ṣe, òkúta onífọ́nrán yìí ṣe é: ó dì í mú, kò jóná, kò sì pariwo. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1980 sí 1990, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́tò tí kò ní asbestos nínú bíréèkì rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti onídísìkì tàbí ti onílù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni àwọn tó ń kọ ìtàn mọ́tò kì í fẹ́ dúró sí. Ìlú Rochdale kò jìnnà púpọ̀ sí ibi tí Frood ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nellie Kershaw ń ran òwú asbestos ní ilé-iṣẹ́ Turner Brothers. Ní 1922, èémí rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1924, ẹni ọdún 33. Dókítà William Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, ó rí eruku òkúta náà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn kan náà. Òun náà ló sọ àìsàn ọ̀hún ní asbestosis ní 1927. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀, wọn ò san owó ìtanràn, wọn ò sì dá sí owó ìsìnkú. Inú ọdún mẹ́wàá yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Turner & Newall ra Ferodo. Òkúta tó ń bọ́ lọ́wọ́ Nellie Kershaw àti òkúta tó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn mọ́tò ọlọ́lá, ọwọ́ olówó kan náà ló wá wà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lé eruku asbestos lórí ní 1931. Ṣùgbọ́n inú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà ni òfin ọ̀hún parí sí. Ẹni tó ń tú taya, tó ń fi bùrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú bíréèkì, òfin ò rí i.

Ní ti dísìkì fúnra rẹ̀, ogun àti eré ìje ló mú un padà. Ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ogun onírin lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ Dunlop àti Jaguar jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, Jaguar C-Type tó ní dísìkì sì gba ipò kìíní ní Le Mans ní 1953. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tó gba ipò náà máa sá ju 100 máìlì lọ ní wákàtí kan, bí a bá pín gbogbo eré ọjọ́ náà dọ́gba. Ìdí rẹ̀ kò le. Bíréèkì onílù máa ń gbóná bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ìlù náà á fẹ̀ kúrò lára ohun tó ń tẹ̀ ẹ́, awakọ̀ á tẹ bíréèkì á sì bá òfìfo nísàlẹ̀. Ìta gbangba ni dísìkì wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Citroën DS ti gbé e sí ẹsẹ̀ iwájú ní 1955. Nígbà tó fi máa di 1968, Mercedes tí wọ́n ń pè ní W114 àti W115 ti ní dísìkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Pijó 504 oníbúùtù tó jáde lọ́dún yẹn náà sì ní in bẹ́ẹ̀.

Ní 1976 ni W123 dé. Èyí ni ọkọ̀ tí mo ń sọ, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Mẹsí Ọlọ́yẹ́ nígbà tí ó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta á rò pé ọyẹ́ ló ń fẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ó bá wa nínú owó epo. Owó Udoji ti jáde ní 1974 sí 1975, Pijó ti ń jáde ní Kàdúná láti 1975, akọ̀wé àti olùkọ́ ti ń gun ọkọ̀ ara wọn. Mẹsí ní tirẹ̀, ti oníṣòwò ńlá ni àti ti olóyè. Lẹ́yìn náà ni SAP ti 1986 dé, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí a ń wò lókèèrè. Tòkunbọ̀ ló kù. Báyìí ni W123 ṣe ti ọwọ́ olóyè bọ́ sí ọwọ́ irú àwa tíṣà, tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú òtútù Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kó tó dé Èbúté. Tèmi jẹ́ ti 1982. Mo rà á ní 1991, ó sì wà pẹ̀lú mi di báyìí.

Kí ló dé tí dísìkì fi ń ké? Ẹni tó bá mọ gòjé mọ̀ ọ́n. Ọrun tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe kì í yọ̀ lórí okùn gòjé lọ tààrà. Ó ń dì í mú, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń dì í mú, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwárìrì yẹn ló sì di orin sákárà. Páàdì ni ọrun, dísìkì ni okùn. Ó lè wárìrì láti 1,000 ìgbà sí ohun tó ju 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ṣe wíìn wíìn tó. Ìyẹn ni pé bíréèkì tó ń ké lè jẹ́ bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ wá ń ṣe ni pé wọ́n fi nǹkan dí ìwárìrì náà lọ́wọ́: wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há ẹ̀yìn páàdì, wọ́n fi sípírì́nǹgì tẹ̀ ẹ́ kó má lè gbọ̀n, wọ́n gé etí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kó má wọlé ní ṣánṣán.

Ṣùgbọ́n èéṣe tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ló máa ń pariwo jù lára ọkọ̀ àgbà? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé, títí dé orí pé ẹrù inú búùtù ló ń tẹ̀ ẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré tó wá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á dà síwájú; ẹ̀yin náà ẹ wo bí ara yín ṣe máa ń tẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláìríṣẹ́ṣe. Páàdì rẹ̀ kì í tètè jẹ, ojú rẹ̀ á wá máa dán bíi dígí. Òjò á rọ̀, ìpata á mú etí dísìkì. Òróró bíréèkì tí wọn kò pààrọ̀ fún ọdún gbọọrọ á fa omi mọ́ra, pístìn inú kálípà á sì há. Ohun tó ń dún lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àgbà, àìṣiṣẹ́ ló fà á, kì í ṣe àṣejù.

Ní ti ọkọ̀ tèmi, oríṣi ohùn méjì ló ń jáde, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá lójú. Èkíní ń ṣe wíìn bí mo bá rọra tẹ bíréèkì. Èkejì ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣe ń yí, yálà mo tẹ bíréèkì tàbí n kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà gbọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ kan. Ó ní páàdì ni. Ó pààrọ̀ páàdì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ohùn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ó ní páàdì yẹn kì í ṣe orígínà, ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kẹta tó ní kí n ra dísìkì, mo ní kó má bínú, mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju Mẹsí lọ láti ìgbà tó ti gba fíríìdọ̀mù.

Ọkùnrin yìí kò fọwọ́ kan sípánà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kí n máa wa ọkọ̀ náà lọ, kí n máa wà á bọ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú. Ó wá ní, "Prof, ẹ fẹsẹ̀ òsì tẹ hándì bíréèkì yẹn díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tán." (Ní W123, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú u, àmọ́ "hándì" náà la ṣì ń pè é.) Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà yí padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Nǹkan méjì ni."

Nígbà tí ó tú taya ẹ̀yìn, èyí tó ń ṣe wíìn kò pẹ́ rí. Kálípà ẹ̀yìn W123 kì í sún. Ara ibì kan ló wà ṣinṣin, pístìn méjì ló ń tì páàdì méjì bọ̀ lára dísìkì láti ọ̀tún àti òsì. Páàdì kọ̀ọ̀kan rọ̀ mọ́ píìnì gígùn méjì, sípírì́nǹgì kan tí wọ́n tẹ̀ bí àgbélébùú sì wà lábẹ́ àwọn píìnì náà tó ń tẹ páàdì mọ́lẹ̀. Lára ọkọ̀ mi, sípírì́nǹgì apá ọ̀tún kò sí níbẹ̀ rárá. Ti apá òsì ti jẹ tán. Ìṣó ni ẹnì kan fi rọ́pò píìnì kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn páàdì, wọ́n ti jù ú nù ní ìgbà kan tí n kò mọ̀. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní ọkọ̀ mẹ́wàá tó bá wọlé sọ́dọ̀ òun, mẹ́jọ kì í ní sípírì́nǹgì yẹn, nítorí pé páàdì ọjà kì í bá a wá, ọmọṣẹ́ tó bá sì tú u sílẹ̀, bó bá ti rí i pé ọkọ̀ ń dúró láìsí i, á kà á sí àṣejù òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ àṣejù òyìnbó yìí dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Gbogbo irin wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ló ní ìtàn. Àwọn kálípà kan tí ilé-iṣẹ́ ATE ní Jámánì ṣe nígbà náà, wọ́n gé ìdajì orí pístìn wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní kó dorí kọ ibì kan ní ìwọ̀n dígírì 20, kí ó má baà tẹ gbogbo ẹ̀yìn páàdì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí ariwo nìkan ni. Wọ́n tún ṣe irin kékeré kan tí mẹkáníìkì yóò fi wọn ìwọ̀n náà. Ní ọdọ̀ wa, sukudiráífà ńlá la fi ń ti pístìn padà, ibi tó bá wù ú ni á kọjú sí. Kò sẹ́ni tó máa kú nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa ké, ẹni tó ni ín á sì máa ra páàdì.

Ohùn kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n yọ kálípà, tí wọ́n fa dísìkì jáde, àárín rẹ̀ rí bí fìlà, inú fìlà náà sì ni bíréèkì onílù kékeré kan wà, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ méjì. Òun ni hándì bíréèkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ní 1901, Mercedes àkọ́kọ́ tí Wilhelm Maybach ṣe ti ní bíréèkì onílù lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1902, Louis Renault ṣe ti onílù tí ìwé ìtàn sábà máa ń kọ mọ́ ọn lórúkọ. Ní 1902 kan náà ni Lanchester gba àṣẹ dísìkì. Àwọn oníbíréèkì méjì tó bá ara wọn díje fún àádọ́ta ọdún, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé lẹ́yìn ọkọ̀ mi, ìlù nínú, dísìkì níta. Àwọn ẹlẹ́rọ ò ju ìlù nù nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti dúró tán, kò sóhun tó ń di ẹsẹ̀ mú lórí òkè pẹ̀lú agbára díẹ̀ bí ìlù.

Ta ló wá ń lo hándì bíréèkì n'Ìbàdàn? Òkúta la máa ń gbé sẹ́yìn taya. Bàtà inú ìlù náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìṣe nǹkan kan, ìpata ti mú irin rẹ̀, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá ń ha inú fìlà dísìkì bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa nìyẹn. Kò sí páàdì láyé yìí tó lè wò ó sàn. A ra bàtà tuntun àti sípírì́nǹgì wọn ní Gate, ó tò wọ́n padà, ó wá fi sukudiráífà gba inú ihò bóòtù taya yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tó wà níbẹ̀ títí bàtà fi di ìlù mú, ó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfi ara kan nǹkan kan.

Kí ó tó tò ó padà ni ọ̀rọ̀ eruku ṣẹlẹ̀. Inú fìlà náà kún fún eruku dúdú. Ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́rìndínlógún, ti gbé rọ́bà kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá, ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ní kó dúró. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Prof, láti 1988 la ti ń fẹ́ ẹ, kò ṣe wá ní nǹkan kan." Mo sọ ìtàn Nellie Kershaw fún un. Mo sọ fún un pé àwọn àìsàn tí asbestos ń fà kì í yá. 20 ọdún, 40 ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó yọjú. Ní 1960 ni Dókítà Chris Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró ń pa àwọn tó gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa asbestos, títí kan àwọn tí wọ́n kàn jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ nígbà náà.

Kí n má ṣe àbòsí: àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ti mẹkáníìkì. Àwọn kan ní iná bíréèkì máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú asbestos funfun di nǹkan mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ àìsàn láàárín àwọn mẹkáníìkì kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Àwọn mìíràn ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ ló ń sanwó fún púpọ̀ nínú ìwádìí yẹn. Ní tèmi, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti fòfin de fífi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì, mi ò sì rí ìdí tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa fi gbọ́dọ̀ dúró de ìparí àríyànjiyàn. Omi ọṣẹ nínú ike tí wọ́n fi ń fín aṣọ ni a fi rin eruku náà, a fi àkísà nù ún, a di àkísà náà sínú ọ̀rá. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ náà ló ṣe é.

Jámánì fòfin de asbestos ní 1993, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì de èyí tó kù, ti funfun, ní 1999. Amẹ́ríkà gbìyànjú ní 1989, ilé-ẹjọ́ dà á nù ní 1991, ó sì di 2024 kí wọ́n tó fòfin de ti funfun. W123 ti jáde tán kí òfin Jámánì tó dé. Ọjọ́ ayé asbestos ni wọ́n bí i, nítorí náà ẹni tó bá ń tú bàtà hándì bíréèkì tí wọn ò tíì pààrọ̀ láti Jámánì, kó fojú ọ̀wọ̀ wò ó.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ le jù ú lọ: fọ́nrán irin, fọ́nrán kẹ́míkà, àti, ẹ gbọ́ o, bàbà. Bàbà Lanchester padà wọlé. Ó ń gbé iná kúrò lójú páàdì dáadáa. Ariwo náà sì bá a padà wọlé, ìdí nìyẹn tí páàdì òde òní fi nílò irin ẹ̀yìn àti sípírì́nǹgì ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tó di 2010, ìpínlẹ̀ Washington àti California ṣe òfin pé kí wọ́n dín bàbà inú páàdì kù, torí pé òjò ń gbá eruku rẹ̀ wọ odò, ó sì ń ṣe ẹja ní jàǹbá. Bàbà tún ti ń jáde nílé lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Páàdì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi báyìí, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ní asbestos. Ọ̀gá náà fi sáńpépà ha ojú dísìkì yípo yípo títí dídán rẹ̀ fi kúrò, ó fi fáìlì gé etí páàdì, ó fi gíríìsì tó ń gba iná díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ̀nba, kò jẹ́ kó kan ojú. Ó wá píìnì méjì àti sípírì́nǹgì méjì láti ara Mẹsí kan tó ti di àkúfọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọn ò náni tó owó páàdì kan. Ó ní kí n tẹ bíréèkì wọ́ọ́rọ́ ní ọgbọ̀n ìgbà kí n tó sáré, kí páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn. Ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ó ṣì máa ń ké lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ kí n tó jáde ní géètì, títí ìpata òru yẹn á fi kúrò lójú dísìkì. Ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.